Iyẹ̀pẹ̀ alápò fún Pachypodium: ẹ kù ú kẹ́ ẹ tó lò ó

Iyẹ̀pẹ̀ alápò tí wọ́n ń tà fún kákítọ́ọ̀sì kò burú, àmọ́ bó ṣe wà yẹn, kò tíì yẹ Pachypodium, igi onídìí rogodo láti Madagásíkà àti gúúsù Áfíríkà. Èérún ewé jíjẹrà inú rẹ̀ pọ̀ jù. Ó ń fa omi mu bíi kànrìnkàn, gbòǹgbò á sì rà. (Àwòrán ara àpò dára ju ohun inú rẹ̀ lọ.) Ẹ fi ajọ̀ olójú mìlímítà 2 kù ú, ẹ da lẹ́búlẹ́bú nù, kẹ́ ẹ po ìwọ̀n 1 rẹ̀ mọ́ ìwọ̀n 2 òkúta pumice (òkúta fífúyẹ́ oníhò láti inú òkè ayọnáyèéfín). Bí ewé bá ti wọ́ dànù, ẹ dáwọ́ omi dúró. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ìdí igi wò: bó bá rọ̀ tí iyẹ̀pẹ̀ gbẹ, òùngbẹ ni, bó bá rọ̀ tí iyẹ̀pẹ̀ ṣì tutù, ó ti ń rà nìyẹn.