Èdè script inú Vim: ó fúyẹ́, kò gbowó, ṣùgbọ́n ó sọ mí di ẹlẹ́bi lójú kọ́sítọ́mà

Ẹ̀yin tèmi, òkun o. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń fi Vim, editor tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀rọ̀ sínú kọ̀ǹpútà, tẹ iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Kàbà, torí láptọ́ọ̀pù mi ti darúgbó, tí mo bá ṣí nǹkan tó wúwo báyìí fáànù ẹ̀ á máa ké bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata. Vim ò gba kọ́bọ̀, Bram Moolenaar tó gbé e jáde ní 1991 kàn ní kí ẹni tó bá rí i lò fi owó ran àwọn ọmọdé lọ́wọ́ ní Uganda ni. Lórí editor yẹn fúnra ẹ̀, mi ò ní ẹjọ́ kankan. Èdè script inú ẹ̀, èyí tí a fi ń kọ àṣẹ fún un, ni mo bá ní ọ̀rọ̀, pàápàá bó ṣe ń dá variable mọ̀, ìyẹn orúkọ tí a fi ń tọ́jú iye kan.

Mo kọ script kékeré kan tí mo fi ń tẹ Yorùbá, tí mo bá ti tẹ ee á di ẹ, oo á di ọ. Mo wá kọ `let ami = 1` láti fi tàn án, tó bá di 0 ó ti sùn nìyẹn. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, orí mi wú. Àfi bí bàbá kan ṣe wọlé pé kí n tẹ létà Òyìnbó fún òun kíákíá, mo ṣí fáìlì míì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Yorùbá tó wà nílẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́, mo purínńtì, mi ò tún un wò torí iná ti ń ṣẹ́jú. Bàbá gbé jígí sójú: "Ọmọ mi, kí ni 'schọl' níbí? 'Committẹ' yìí ńkọ́?"

Ojú tì mí pa. Ohun tó fà á ni pé tí ẹ bá dá variable síta function (àkójọ àṣẹ tí a fún lórúkọ) tí ẹ ò fi lẹ́tà kankan síwájú ẹ̀, ti gbogbo ayé ló dà yẹn, gbogbo fáìlì tó bá ṣí ló máa rí i. Ẹ sì kọ orúkọ kan náà sínú function, ti inú ibẹ̀ nìkan ló máa jẹ́! Ọ̀rọ̀ kan náà, ìtumọ̀ méjì, kò sì ní kìlọ̀ fún yín. `b:ami` ló yẹ kí n kọ, b: yẹn ló ń so ó mọ́ fáìlì kan ṣoṣo. Kódà nígbà tí mo yí i, E121, àṣìṣe pé kò mọ variable náà, ló kọ́kọ́ sọ sí mi lójú nínú fáìlì tí mi ò ti dá a, ìgbà tí mo lo `get(b:, 'ami', 0)` ló tó gbọ́ràn.

Àwọn lẹ́tà yẹn gan-an dùn mọ́ mi ṣá. Ẹ pe Fúnmi lọ́jà Kàbà, obìnrin mélòó ló máa wẹ̀yìn? Ẹ sọ pé Fúnmi Ìsánlú, ó tán. g: fún gbogbo ilé, w: fún wíńdò, t: fún tab, s: fún script nìkan, l: fún inú function. a: ni ti ohun tí ẹ kó fún function, ìyẹn ló ń bí mi nínú, torí tí ẹ bá gbàgbé ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, E121 tún dé.

Èyí tó burú jù ni `count`. Mo fẹ́ ka iye ọ̀rọ̀ tí mo tẹ̀ kí n lè mọ owó tí n óò gbà, mo kọ `let count = 0` sínú function, ó ní E46, pé kò ṣeé yí. Mo wá a títí, àṣé `v:count` ti Vim fúnra ẹ̀ ló ń jẹ́ orúkọ yẹn láìní v:, nítorí àwọn script àtijọ́. `version` náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ `scriptversion 3` sókè, á fi yín sílẹ̀.

Vim 9.0 tó jáde ní 2022 ti tún púpọ̀ ṣe: ẹ kọ `vim9script` sórí ìlà àkọ́kọ́, variable yín á jókòó sínú fáìlì script tó wà, a: ò sí mọ́, èyí tí ẹ bá dá sínú `if` á sì kú síbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ń lo Neovim, ẹ̀yà Vim míì, kò kàn yín, èdè Lua ni tiyín, tẹ́ ẹ bá sì gbàgbé `local` níbẹ̀ náà, ti gbogbo ayé ni.

Ti àtijọ́ gba máàkì mẹ́ta nínú márùn-ún lọ́wọ́ mi, Vim9 gba mẹ́rin. Ẹni tó bá ti ń lò ó, ẹ tẹ `:let g:` kí ẹ wo ohun tó wà níta, èmi bá orúkọ mọ́kànlá tí mi ò tiẹ̀ rántí pé èmi ni mo kọ wọ́n, `ami` sì wà láàárín wọn.