Ìkìlọ̀: ayédèrú ìwé ìfẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ti pọ̀ ní Abuja, ẹ yẹ inú rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń ra ìwé ìtàn ìfẹ́ apanilẹ́rìn-ín àwọn ọ̀dọ́ ní Wuse, Garki, Kubwa àti Nyanya, àti ẹ̀yin tí wọ́n ń bá fi í sí mọ́tò láti Abuja lọ sí Kaduna tàbí Kano, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Lórí ìwé kan ṣoṣo ni àwọn òǹkàwé ti ń bára wọn fà á. Ọ̀kan ní ó dùn bí oyin. Èkejì ní orí ọmọbìnrin inú rẹ̀ kò pé. Ẹ̀kẹta ní òun kò tiẹ̀ mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ẹ béèrè irú ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, torí ó lè jẹ́ pé ohun tí wọ́n kà kò dọ́gba.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n á ra ojúlówó kan, wọ́n á tú u, wọ́n á ya ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ sórí pépà olówó pọ́ọ́kú. Àwọn mìíràn á wá fáìlì rẹ̀, wọ́n á ní kí kọ̀ǹpútà tún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tò. Irú ìwé yìí gan-an ni ọgbọ́n yẹn ń bàjẹ́ jù. Púpọ̀ nínú wọn ni orí kan wà lẹ́nu ọmọbìnrin, tí orí tó tẹ̀ lé e wà lẹ́nu ọmọkùnrin, “èmi” sì ni àwọn méjèèjì ń pe ara wọn. Orúkọ tó wà lókè orí kọ̀ọ̀kan nìkan ló ń sọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá gé etí òkè pépà, orúkọ yẹn bá a lọ, òǹkàwé á sì máa fi èrò ọmọkùnrin bú ọmọbìnrin. Bákan náà ni àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù: nínú ojúlówó, ti ẹnì kan wà lápá ọ̀tún, ti ẹnì kejì lápá òsì, nínú ayédèrú, gbogbo rẹ̀ á dà pọ̀ di ìpínrọ̀ kan, àwọn àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín á di àpótí kéékèèké. Ẹ̀fẹ̀ tó wà níbẹ̀ ti kú nìyẹn.

Èyí tó burú jù ni ojú ìwé tó sọnù. Pépà ńlá tí wọ́n ká ni wọ́n fi ń di ìwé, ojú ìwé 16 tàbí 32 ló sì máa ń wà nínú ìdì kan. Tí ìdì kan bá já bọ́, ẹ ó rí i pé 193 ló tẹ̀ lé 176. Nígbà mìíràn, 145 sí 160 á wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, èyí tó yẹ kó tẹ̀ lé e ò ní sí. Tó bá jẹ́ ibẹ̀ ni àwọn olólùfẹ́ náà ti jà tí wọ́n sì ti tọrọ àforíjì, ẹ ó ní ọmọbìnrin náà kàn dárí jì í lásán. Òǹkọ̀wé kò ṣẹ̀ yín o.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ ṣí ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí ẹ máa wo nọ́ńbà ìsàlẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ tẹ ẹ̀yìn ìwé díẹ̀: gọ́ọ̀mù ayédèrú máa ń dún pàràpàrà, ewé á sì tú. Lẹ́tà tó ní òjìji eérú lẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí ìlà tó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, fọ́tókọ́pì ni. Ẹ mú rúlà dání. Ọ̀pọ̀ ìwé ẹlẹ́yìn rírọ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ̀ tó mílímítà 129, wọ́n sì ga tó 198. Tí èyí tí wọ́n ní ó ti ibẹ̀ wá bá fẹ̀ tó 148, tó sì ga tó 210, pépà A4 tí wọ́n ká sí méjì ni, ẹ fura. Ṣùgbọ́n ẹ má fi àwòrán iwájú nìkan dájọ́, torí ti Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń yàtọ̀.

ISBN ńkọ́, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ sára ìwé? Nọ́ńbà mẹ́tàlá tó tò tẹ̀ léra ni. Èyí tí National Library of Nigeria fún àwọn òǹtẹ̀wé wa máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 978-978. Ẹ ka nọ́ńbà kìíní, ìkẹta, ìkarùn-ún bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ bí wọ́n ṣe wà. Ẹ sọ ìkejì, ìkẹrin, ìkẹfà bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ di ìlọ́po mẹ́ta. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Fún 978, 9 àti 21 àti 8 jẹ́ 38, ẹ máa bá a lọ títí dé ìkẹtàlá. Tí àpapọ̀ rẹ̀ kò bá parí sí òdo, irọ́ ni nọ́ńbà náà. Àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn ń jí nọ́ńbà tòótọ́, nítorí náà ẹ fi ti ẹ̀yìn ìwé wé ti inú, kí ẹ sì wo iye ojú ìwé tí òǹtẹ̀wé kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹ̀dà yẹn gan-an.

Ní ti àwọn tó ń ta ìwé lórí fóònù, àwòrán ojúlówó ni wọ́n ń fi hàn, fọ́tókọ́pì ni wọ́n ń fi ránṣẹ́. Ẹ ní kí wọ́n ya fídíò ìwé náà gan-an, kí wọ́n ṣí ojú ìwé tí ẹ̀yin bá dárúkọ. Ẹni tó bá kọ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tó gba owó tán tó tún ń bèèrè “owó mọ́tò” lẹ́ẹ̀kejì, gbájúẹ̀ ni. Ẹni tó ń ta fáìlì ní owó bíńtín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó jí i ni. Tí orúkọ fáìlì náà bá sì parí sí .apk, ẹ má tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe ìwé, áàpù ni, ó sì lè jẹ́ èyí tó ń wá ọ̀rọ̀ aṣínà báńkì yín.

Tó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ tọ́jú rìsíìtì àti fídíò bí ẹ ṣe tú ẹrù, ẹ sọ fún báńkì yín lójú ẹsẹ̀. Ọ̀dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, ni ẹ̀sùn ẹni tó kọ̀ láti dá owó padà ń lọ. Ti ayédèrú fúnra rẹ̀, Nigerian Copyright Commission, àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn òǹkọ̀wé, ló ni í. NCC ni wọ́n ń pè é pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kì í ṣe NCC ti àwọn oní nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù o.

Àwọn tí ẹ̀dà wọn pé náà ṣì ń jiyàn: àwọn kan ní ọ̀rọ̀ à-ń-díbọ́n-pé-a-ń-fẹ́ra ti sú àwọn, àwọn kan ní ibẹ̀ gan-an ni adùn wà. Àríyànjiyàn tó yẹ nìyẹn. Torí náà, nígbà tí ẹ bá fẹ́ sọ èrò yín nípa ìwé kan, ẹ kọ́kọ́ kọ ISBN rẹ̀ àti nọ́ńbà ojú ìwé tó gbẹ̀yìn síbẹ̀.