Steam Deck àti ROG Ally: Èwo Ló Yẹ Kí Ará Ifẹ̀ Rà?

Ohun tí ẹni tó fẹ́ ra kọ̀ǹpútà géèmù tí a ń dì mú lọ́wọ́ sábà máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni bóyá agbára rẹ̀ tó. Ó tó. Steam Deck tí Valve gbé jáde ní ọdún 2022 àti ROG Ally tí ASUS gbé jáde ní ọdún 2023 lè gbé ọ̀pọ̀ géèmù ńláńlá, bí a bá gbà láti dín ẹwà àwòrán wọn kù díẹ̀. Lójú tèmi, géèmù bọ́ọ̀lù àti iná mànàmáná ló yẹ kí ará Ifẹ̀ fi yan èyí tí yóò rà.

Ally lágbára ju Deck lọ, ojú rẹ̀ tó ní píksẹ́lì (àmì kéékèèké tí ń di àwòrán) 1920 × 1080 sì mọ́ ju 1280 × 800 ti Deck lọ. Ṣùgbọ́n lórí ojú tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 7, ìyàtọ̀ náà kò hàn tó bí a ṣe ń pariwo rẹ̀.

Ní ti géèmù bọ́ọ̀lù, Windows ni Ally ń lò, nígbà tí Deck ń lo SteamOS, ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà mìíràn tí a gbé ka orí Linux. EA Sports FC 24 àti FC 25, àwọn géèmù bọ́ọ̀lù ilé-iṣẹ́ EA, kò ṣeé gbá lórí SteamOS, nítorí pé ètò tí EA fi ń ṣọ́ àwọn oníyànjẹ kò ṣiṣẹ́ lórí Linux. Fortnite, géèmù ìbọn, náà kò ṣeé gbá lórí rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ OAU tí ó fẹ́ máa bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù ní họ́sítẹ́ẹ̀lì lè fi Windows sórí Deck lóòótọ́, àmọ́ n kò ní gba ẹni tí kọ̀ǹpútà kò yé dáadáa nímọ̀ràn pé kí ó dán an wò.

Bátìrì ni ọ̀rọ̀ ti le jù. 40 Wh (ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà) ni ti Deck àkọ́kọ́ àti ti Ally àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n Ally ń jẹ iná púpọ̀ ju Deck lọ, débi pé géèmù tó wúwo lè gbẹ bátìrì rẹ̀ láàárín wákàtí kan àti ààbọ̀. Ní àdúgbò tí iná ti lè lọ kí rẹfirí tó fọn fèrè ìsinmi, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní ti àwọn ẹ̀yà tó tẹ̀ lé wọn, Deck OLED ti ọdún 2023 ní 50 Wh, Ally X ti ọdún 2024 sì ní 80 Wh. Ṣájà 45 W (wáàtì, ìwọ̀n agbára iná tí ṣájà ń gbé jáde) ló bá Deck wá, 65 W ló bá Ally wá, nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé páwà báǹkì kékeré tí a ń fi ṣáájì fóònù.

Bí owó bá wà, Ally X ni kí ẹni tí ń gbá bọ́ọ̀lù rà. Deck OLED tó ẹni tí ń dá gbá géèmù mìíràn ní òun nìkan. Ẹni tí yóò bá ra Ally àkọ́kọ́ ní àlòkù, kí ó mú káàdì microSD, káàdì kékeré tí a ń tọ́jú géèmù sí, dání, nítorí pé ASUS fúnra rẹ̀ gbà ní ọdún 2023 pé ooru lè ba ihò káàdì náà jẹ́. Kí ó gbá géèmù láti orí káàdì náà títí ẹ̀rọ yóò fi gbóná, kí ó tó sanwó.