MediaFire, MEGA, Google Drive àti Archive.org: èwo ló ṣe ẹni tó ń ra dátà lóore jù?

Iye àyè ọ̀fẹ́ ni àwọn iléeṣẹ́ tó ń bá èèyàn tọ́jú fáìlì lórí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń polówó ara wọn. MediaFire ń fúnni ní 10 GB, Google Drive 15 GB, MEGA 20 GB. Ẹni tó fẹ́ gbé fáìlì sókè ni ìyẹn kàn. Ohun tó kan ẹni tó fẹ́ dáńlóòdù ni pé, bí nẹ́tíwọ̀kì bá já nígbà tí fáìlì ti wọlé dé ìdá 90 nínú 100, ṣé ibẹ̀ ló ti máa tẹ̀síwájú, àbí ó máa bẹ̀rẹ̀ láti òdo, kí gbogbo dátà tó ti lọ wá ṣòfò? Fáìlì 700 MB lórí nẹ́tíwọ̀kì 2 Mbps máa gbà tó ìṣẹ́jú 47 bí ohunkóhun kò bá dí i lọ́wọ́, ohun tó sì lè dí i lọ́wọ́ láàárín ìṣẹ́jú 47 ní Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́ pọ̀ jọjọ. Ojú yìí la fi yẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò.

Ọ̀rọ̀ wíwá fáìlì kò gùn. MediaFire, MEGA àti Drive kò ní àpótí tí ẹ lè fi wá fáìlì tí ẹlòmíì gbé síbẹ̀. Ẹnìkan ló gbọ́dọ̀ fún yín ní líǹkì. Ẹ lè kọ site:mediafire.com sínú Google kí ẹ fi orúkọ ohun tí ẹ ń wá tẹ̀ lé e, àmọ́ òkú líǹkì máa ń pọ̀ nínú ohun tó máa gbé jáde, torí bí ẹni tó ni iṣẹ́ bá fẹjọ́ sùn, wọ́n á yọ fáìlì náà kúrò. Líǹkì àtijọ́ tó bá tọ́ka sí RapidShare, tó kógbá wọlé ní 2015, tàbí Zippyshare, tó ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2023, ẹ fi sílẹ̀. Ojúlé tó bá sì ní òun máa bá yín wá fáìlì níbi gbogbo, tó wá ń béèrè nọ́ńbà káàdì báńkì tàbí pé kí ẹ kọ́kọ́ fi áàpù kan sórí fóònù, ẹ jáde kúrò níbẹ̀ kíákíá.

MediaFire ló rọrùn jù láti lò. Kò béèrè àkáǹtì, kò sì ní kí ẹ dúró ka ìṣẹ́jú àáyá. Ìpolówó ni wàhálà rẹ̀. Bọ́tìnì gidi ni èyí tí wọ́n kọ iye MB fáìlì náà sí lára. Bọ́tìnì tí kò bá ní iye yẹn lára, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Nígbà mìíràn, títẹ̀ àkọ́kọ́ máa ṣí ojú ìwé ìpolówó: ẹ pa á dé, ẹ padà, ẹ tún bọ́tìnì náà tẹ̀. Bó bá jẹ́ orin lẹ fẹ́, tí orúkọ ohun tó ń wọlé wá parí sí .apk tàbí .exe, ẹ dá a dúró lójú ẹsẹ̀. Windows máa ń fi ìparí orúkọ pamọ́, tó fi jẹ́ pé orin.mp3.exe máa hàn bí orin.mp3 lásán. Lórí Windows 11, ẹ lọ sí View, lẹ́yìn náà Show, kí ẹ wá yan File name extensions, orúkọ náà á hàn tán.

Tí nẹ́tíwọ̀kì bá já, MediaFire ṣeé tẹ̀síwájú, ṣùgbọ́n líǹkì tó ń gbé fáìlì gan-an kì í pẹ́ kú. Bí Chrome bá kọ̀ láti máa bá a lọ, ẹ má pa ohun tó ti wọlé rẹ́. Ẹ lo áàpù dáńlóòdù bíi 1DM tàbí Free Download Manager, ẹ padà sí ojú ìwé fáìlì náà, ẹ gba líǹkì tuntun, kí ẹ fi pààrọ̀ ti àtijọ́ nínú áàpù. Á bẹ̀rẹ̀ níbi tó dé.

MEGA ló gba àlàyé jù, torí pé ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ yàtọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ní New Zealand ní 2013, ọdún kan lẹ́yìn tí ìjọba Amẹ́ríkà ti Megaupload, ojúlé àtijọ́ tí àwọn èèyàn fi ń pín fáìlì, pa. Títì ni wọ́n ti gbogbo fáìlì ibẹ̀, inú líǹkì ni kọ́kọ́rọ́ sì wà, lẹ́yìn àmì #. Kọ́kọ́rọ́ fáìlì jẹ́ àmì 43, ti fódà jẹ́ 22. Bí ojú ìwé MEGA bá ń béèrè decryption key, ìyẹn kọ́kọ́rọ́ yẹn, lọ́wọ́ yín, ohun tó sábà máa ń fà á ni pé ẹni tó fi líǹkì ránṣẹ́ kò kọ ọ́ tán. Ẹ ní kó tún un fi ránṣẹ́. MEGA fúnra rẹ̀ kò ní kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́.

Àléébù ńlá méjì ló wà níbẹ̀. Tí ẹ bá lo Chrome lásán, inú Chrome ni ó ti ń tú fáìlì náà. Bí ẹ bá pa ojú ìwé yẹn dé, tàbí tí fóònù tí RAM rẹ̀ kéré bá pa á fúnra rẹ̀, ohun tó ti wọlé ṣòfò nìyẹn. Fáìlì tó bá ju 1 GB lọ, áàpù MEGA ni kí ẹ lò, torí òun lè tẹ̀síwájú. Èkejì ni òdiwọ̀n dáńlóòdù fún ẹni tí kò sanwó. Àdírẹ́sì IP, ìyẹn nọ́ńbà tí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀, ni wọ́n fi ń kà á, bẹ́ẹ̀ àwọn nẹ́tíwọ̀kì fóònù máa ń fi IP kan ṣoṣo sin ọ̀pọ̀ oníbàárà. Ìdí nìyí tí MEGA fi lè sọ fún yín pé ẹ ti lo òdiwọ̀n tán nígbà tí ẹ kò tíì gba nǹkan kan. Ẹ tan airplane mode, kí ẹ tún pa á, bóyá ẹ máa rí IP mìíràn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ní láti dúró.

Google Drive dára fún fáìlì kan ṣoṣo, kò dára fún fódà. Bí ẹ bá ní kó gbé odindi fódà, ó máa kọ́kọ́ dì í sínú zip, á gé e sí nǹkan bíi 2 GB lọ́kọ̀ọ̀kan, zip yẹn kò sì ṣeé tẹ̀síwájú bó bá já. Ẹ wọ inú fódà, kí ẹ gbé fáìlì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìkìlọ̀ pé Google kò lè yẹ fáírọ́ọ̀sì wò nínú fáìlì tó ju 100 MB lọ kò túmọ̀ sí pé fáírọ́ọ̀sì wà níbẹ̀. Bí ó bá ní èèyàn ti pọ̀ jù lórí fáìlì náà, ẹ padà wá lẹ́yìn wákàtí 24, tàbí kí ẹ gbìyànjú láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú Drive tiyín. Ẹ rántí pé Gmail àti Photos náà ń jẹ nínú 15 GB yẹn.

Archive.org, ilé ìkàwé orí íntánẹ́ẹ̀tì, la yàn ṣáájú. Kò sí ìpolówó, ó ní àpótí ìwákiri tirẹ̀, líǹkì rẹ̀ kì í sì í kú lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, nítorí náà wget -c (àṣẹ tí wọ́n ń kọ sínú kọ̀ǹpútà láti máa bá dáńlóòdù lọ) tàbí áàpù dáńlóòdù yòówù lè tẹ̀síwájú níbẹ̀. Ẹ kọ Crowther Yoruba sínú àpótí yẹn, ẹ ó rí ìwé Yorùbá láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ẹ mú PDF, ẹ má mú Full Text: ẹ̀rọ tó ń ka ìwé náà máa ń da àmì ohùn àti àmì abẹ́ ọ̀rọ̀ rú, tí ọ̀rọ̀ kò fi ní ní ìtumọ̀ mọ́. Ó máa ń falẹ̀ nígbà mìíràn, àwọn ìwé kan sì wà tó jẹ́ wíwín nìkan ni wọ́n ń wín wọn.

Fáìlì tó bá ju 4 GB lọ kò lè wọ mẹ́mórì káàdì tí wọ́n bá fọ́ọ̀mátì sí FAT32, bí àyè tilẹ̀ ṣẹ́kù. Ẹ gbé e sí inú fóònù fúnra rẹ̀. Kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó wọlé pé, ẹ tẹ Show All lójú ìwé Archive, ẹ ṣí fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí _files.xml, SHA1 fáìlì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àmì gígùn tí wọ́n fi ń dá fáìlì mọ̀, wà níbẹ̀. Lórí Windows, ẹ kọ certutil -hashfile, orúkọ fáìlì àti SHA1 sínú Command Prompt. Bí lẹ́tà kan bá yàtọ̀ sí ti ojú ìwé náà, ẹ tún fáìlì yẹn gbà.