Ayé Àtijọ́ àbí Ayé Tuntun: Ìfiwéra Àwọn Ìtàn Aláwòrán David Willis fún Ẹni Tó Fẹ́ Rà Wọ́n

Ẹni tó bá fẹ́ ra ìtàn aláwòrán David Willis, ará Amẹ́ríkà tí iṣẹ́ rẹ̀ ti ń jáde láti ọdún 1997, yóò kọ́kọ́ bá ohun kan pàdé tó lè rú u lójú. Orúkọ kan náà ni yóò máa rí láti inú ọ̀wọ́ ìtàn kan dé òmíràn, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti sin nínú ọ̀kan yóò wà láàyè nínú èkejì, ẹni tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù níhìn-ín yóò sì di olùkọ́ yunifásítì lọ́hùn-ún. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH tí a jọ ń ka ìtàn aláwòrán ní Ògbómọ̀ṣọ́ máa ń béèrè èyí tó yẹ kí àwọn kọ́kọ́ fi owó rà. Nítorí wọn ni mo ṣe kọ ìfiwéra yìí, nítorí mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí gidigidi, ó sì máa ń dùn mí bí ẹnìkan bá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò yẹ tó sì pa á tì.

Ayé méjì, ọ̀wọ́ ìtàn márùn-ún

Ayé àkọ́kọ́ ni àwọn òǹkàwé ń pè ní Walkyverse. Roomies! ló ṣí i, nínú ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Indiana, gẹ́gẹ́ bí àwàdà kéékèèké nípa Danny àti Joe tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan. It's Walky! tẹ̀ lé e, ó sì parí ní ọdún 2004. Nínú rẹ̀ ni Walky, Joyce àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ti ń ṣiṣẹ́ fún àjọ aṣírí kan tó ń bá àwọn ẹ̀dá àjèjì láti ojú sánmà jà. Joyce and Walky! ń bá ìgbé ayé àwọn méjèèjì lọ lẹ́yìn ogun náà. Shortpacked!, tó jáde láti 2005 sí 2015, gbé ìtàn lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun ìṣeré.

Ayé kejì ni Dumbing of Age, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2010. Àwọn ẹ̀dá ìtàn àtijọ́ náà ló padà wá, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ jáḿbáìtì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Yunifásítì Indiana, kò sì sí ẹ̀dá àjèjì kankan mọ́.

Ohun tó so ayé àtijọ́ pọ̀

Nínú ayé àtijọ́, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ náà nìyẹn. Ruth kú nínú Roomies!, Dina kú nínú It's Walky!, ọgbẹ́ ikú wọn kò sì kúrò lára àwọn tó kù. (Orúkọ méjì yìí nìkan ni mo máa dá nínú àwọn òkú, nítorí a kò lè ṣe ìfiwéra yìí láìdá wọn.) Nítorí èyí, ọ̀wọ́ ìtàn kọ̀ọ̀kan gbára lé èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó bá ra Shortpacked! nìkan yóò gbádùn ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, pàápàá bí ó bá fẹ́ràn Transformers, àwọn ohun ìṣeré róbọ́ọ̀tì, bí Willis ṣe fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n inú Walkyverse àtijọ́ ni Robin àti Mike ti wá, bẹ́ẹ̀ náà ni Ultra-Car, ọkọ̀ tó ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Nígbà tí ìtàn náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í padà sórí ọ̀rọ̀ ogun àtijọ́, òǹkàwé tuntun yóò kàn máa wò ni.

Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé àwòrán Roomies! kò dán. Ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ ni, láìsí àwọ̀, ó sì yàtọ̀ pátápátá sí ti Dumbing of Age tó ní àwọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ayé tuntun ṣe sí àwọn ènìyàn kan náà

Ibí ni iṣẹ́ Willis ti wú mi lórí jù. Nínú Dumbing of Age, Ruth wà láàyè, òun ló ń mójú tó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní àjà kan nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì. Dina náà wà láàyè. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àkúdàáyà ni wọ́n. Àkúdàáyà mọ ilé tó fi sílẹ̀, a sì máa sá bí ará ilé bá rí i, ṣùgbọ́n Ruth ti ayé tuntun kò kú rí, kò sì sí ohun tó ń sá fún. Ìwà nìkan ni òǹkọ̀wé gbé wá, ó wá fún ìwà náà ní ìtàn mìíràn. Leslie tó jẹ́ òṣìṣẹ́ nínú Shortpacked! di olùkọ́ yunifásítì. Galasso tó ni ṣọ́ọ̀bù ohun ìṣeré di ẹni tó ń ta písà. Ultra-Car pàápàá di ènìyàn, ó sì ń jẹ́ Carla.

Ìbejì ni Walky àti Sal nínú ayé méjèèjì. Nínú Dumbing of Age, àwọn òbí wọn fẹ́ràn Walky ju Sal lọ, wọ́n sì rán Sal lọ sí ilé-ìwé tó jìnnà. Fún àwa tí àwọn àgbà wa ń kìlọ̀ fún pé ohun tí a bá ṣe fún Táíwò ni kí a ṣe fún Kẹ́hìndé, apá yìí ń dunni púpọ̀.

Joyce ni mo tìtorí rẹ̀ sọ pé kí ará Ògbómọ̀ṣọ́ kọ́kọ́ ra ọ̀wọ́ yìí. Inú ilé onígbàgbọ́ tó le ni wọ́n ti tọ́ ọ, ilé ni wọ́n sì ti kọ́ ọ níwèé títí ó fi wọ yunifásítì. Ìlú tí wọ́n ti dá Ilé Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Ọlọ́run ti Onítẹ̀bọmi sílẹ̀ ní 1898 ni tiwa. Púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ní àdúgbò Under-G ló mọ bí ó ti rí láti kúrò lábẹ́ òrùlé irú òbí bẹ́ẹ̀, kí a sì bá ara wa láàárín ọ̀rẹ́ tí kò gba Ọlọ́run gbọ́. Willis ti sọ pé ìgbésí ayé òun fúnra òun wà nínú ìtàn Joyce, ó sì hàn: kò fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ ṣẹ̀sín, bẹ́ẹ̀ ni kò dáàbò bò ó lọ́wọ́ ìbéèrè.

Ṣùgbọ́n ìtàn àgbàlagbà ni. Ọtí, ìbálòpọ̀, ìfẹ́ láàárín obìnrin àti obìnrin, àti ìwà ipá òbí sí ọmọ wà nínú rẹ̀. Kí òbí má rà á fún ọmọ tó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nítorí pé ó rí àwòrán aláràbarà lẹ́yìn rẹ̀. Ìtàn náà tún ń rìn díẹ̀díẹ̀: nǹkan bí ọdún 10 ni Willis fi ya sáà ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fẹ́ ìtàn tó ti ní òpin yóò rí i nínú It's Walky!; Dumbing of Age kò tíì parí.

Owó àti bí ìwé ṣe ń dé

Owó tí àwọn òǹkàwé dá jọ lórí Kickstarter ni Willis fi ń tẹ àwọn ìwé Dumbing of Age, ìwé kọ̀ọ̀kan sì kó nǹkan bí ìtàn ọdún kan jọ. Láti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń wá, owó ìfiránṣẹ́ sì lè ju iye ìwé fúnra rẹ̀ lọ, nítorí náà ó sàn kí ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún dáwó jọ, kí wọ́n sì béèrè fún ìwé wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Fáìlì PDF rọrùn jù fún ẹni tí kò ní ju fóònù lọ, nítorí ó ṣeé kà láìsí dátà.

Ẹni tó bá fẹ́ràn ogun àti ojú sánmà, kí ó ka Roomies! lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì dé ìparí kí ó tó náwó lórí It's Walky!. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá ju ìwé kan lọ, ìwé kìíní Dumbing of Age ni kí ó rà. Ọdún àkọ́kọ́ ìtàn náà ló wà nínú rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni ọdún náà ṣì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ lè ka oṣù méjì tàbí mẹ́ta níbẹ̀ kí ẹ tó sanwó.