Wi-Fi tó pamọ́ àbí èyí tó hàn, lórí kọ̀ǹpútà Linux

Láti Kabba dé Mopa, ìbéèrè kan náà ni: ṣé kí n fi orúkọ Wi-Fi ilé mi pamọ́ ni, àbí kí n jẹ́ kó hàn?

Ní ti ìrọ̀rùn, èyí tó hàn ló borí. Bí iná bá lọ tó sì dé, ráútà á tan, kọ̀ǹpútà á rí orúkọ rẹ̀, á sì wọlé fúnra rẹ̀. Èyí tó pamọ́ kì í dárúkọ ara rẹ̀, kọ̀ǹpútà ló gbọ́dọ̀ pè é. Bí NetworkManager, ètò tó ń bójú tó ìsopọ̀ lórí Linux, kò bá mọ̀ pé ó pamọ́, ó lè máa wòran lásán. Ẹ tẹ èyí lẹ́ẹ̀kan nínú terminal, ojú fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, kí ẹ fi orúkọ ìsopọ̀ tiyín rọ́pò ILE:

nmcli connection modify ILE 802-11-wireless.hidden yes

Owó kò sí nínú méjèèjì. Ewu ńkọ́? Páásíwọọ̀dù tó le, pẹ̀lú ààbò Wi-Fi tí wọ́n ń pè ní WPA2, ló ń lé olè, kì í ṣe ìpamọ́. Kódà, kọ̀ǹpútà yín á máa pariwo orúkọ tó pamọ́ náà kiri, títí dé gáréèjì Lọ́kọ́ja.

Bó bá jẹ́ àwọn ará ilé tó ń tọrọ páásíwọọ̀dù ṣáá ló sú yín, tí kọ̀ǹpútà kì í sì í jáde, ẹ fi pamọ́. Bí ẹ bá ń gbé e rìn, tàbí tí àlejò pọ̀, ẹ jẹ́ kó hàn.