Kel-Tec KSG: méje lọ́tùn-ún, méje lósì

Ìbọn ọlọ́ta mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ń pe KSG tí Kel-Tec ń ṣe ní Cocoa, ní Florida, láti 2011. Àwọn tó ń lò ó mọ̀ pé kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀: ọta méje ni, méje míì tẹ̀lé e, ọwọ́ rẹ ló sì máa so méjèèjì pọ̀.

Túùbù méjì ló wà lábẹ́ ọ̀pá ìbọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba ọta géèjì 12 (bí ọta ṣe sanra tó nìyẹn) méje tó bá jẹ́ ti ínṣì 2¾, mẹ́fà tó bá jẹ́ ti ínṣì 3. Ọta kan yòókù ló wà nínú ọ̀pá ìbọn fúnra rẹ̀. Súwíìṣì kékeré kan wà lábẹ́, lẹ́yìn ibi tí a ti ń dì í mú, òun ló ń sọ túùbù tí ọta máa ti wá. Bí túùbù kan bá tán, kò ní yí sí èkejì fúnra rẹ̀: wàá fa tírígà, ìró irin lásán ni wàá gbọ́. Tí súwíìṣì bá wà láàárín, ọta kankan kò ní jáde látinú túùbù. Ibẹ̀ ló yẹ kó wà tí o bá fẹ́ yọ ọta tó wà nínú ọ̀pá láìjẹ́ kí òmíràn wọlé.

Ohun tó wú wa lórí jù ni bó ṣe kúrú. Inú ìdí ìbọn ni ẹ̀rọ rẹ̀ wà, nítorí náà ọ̀pá rẹ̀ gùn ní ínṣì 18.5, síbẹ̀ gbogbo rẹ̀ kò ju ínṣì 26.1 lọ. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní kó má dín sí 26, ó kù díẹ̀ kó kan ààlà. Abẹ́ ni èèpo ọta ń já sí, kì í fò sójú ẹni tó ń lo ọwọ́ òsì.

Àbùkù rẹ̀ tó le jù wà nínú fífa ìdìmú iwájú sẹ́yìn àti títì í síwájú, èyí tó ń gbé ọta tuntun wọ ọ̀pá lẹ́yìn ìyìnbọn kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ń fà á jẹ́jẹ́, tí kò fà á dé òpin, èèpo ọta kò ní jáde tán, ọta tuntun á sì há mọ́ ọn. Fà á sẹ́yìn tagbáratagbára títí yóò fi dé òpin, kí o sì tì í síwájú bákan náà. Tó bá ṣì jẹ́ tuntun, fi òróró díẹ̀ sí ojú irin tó ń gbà lọ gbà bọ̀, kí o fà á lófìfo ní ọ̀pọ̀ ìgbà kó lè rọ̀. Tí o bá ń ki ọta, tì í wọlé títí wàá fi gbọ́ pé ó ti kọ́. Èyí tí kò kọ́ á yọ́ padà, á sì dí ẹ̀rọ.

Ẹnu ìbọn sún mọ́ ọwọ́ iwájú jù. Àwa ò ní fi yìnbọn láìsí ohun ìdìmú tó dúró ṣánṣán lábẹ́ rẹ̀, kí ọwọ́ má bàa yọ̀ síwájú. Ó fúyẹ́, bíi kílò 3.1 lófìfo, nítorí náà ó ń gbá èjìká gan-an.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ní kí wọ́n fi hàn ọ́ pé kò sí ọta nínú rẹ̀, kí o wá yí súwíìṣì yẹn sí ipò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó yẹ kó kọ́ dáadáa níbi kọ̀ọ̀kan. Tó bá ń mì lọ mì bọ̀, fi í sílẹ̀.